Ògo Ta Ni Wọ́n Ń Kọ́ Sójú Títì?

Àwa ọmọ agbègbè Pobẹ̀ àti Sakété mọ ohun tí à ń pè ní sìmẹ́ǹtì. Inú ilẹ̀ wa, ní Onigbolo, ni wọ́n ti ń wa òkúta tí wọ́n ń lọ̀, tí wọ́n ń sun, kí ó tó di ìyẹ̀fun inú àpò tí bíríkìlà ń pò mọ́ iyanrìn. Ilé-iṣẹ́ tí ó wà níbẹ̀ kì í ṣe ọmọ àná. Ìjọba Mathieu Kérékou ló pawọ́ pọ̀ pẹ̀lú ìjọba Nàìjíríà láti dá a sílẹ̀, pẹ̀lú ìpín kékeré kan lọ́wọ́ àwọn ará Denmark tí wọ́n mọ iṣẹ́ ẹ̀rọ sìmẹ́ǹtì. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wọ́n sì ṣètò rẹ̀ kí ó lè máa pèsè ìdajì mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù lọ́dún. Nígbà tí àsìkò títa ohun-ìní ìjọba dé ní ìparí àwọn ọdún 1990, ọwọ́ Lafarge ti ilẹ̀ Faransé ló bọ́ sí. Ìtàn ilé-iṣẹ́ náà kọ́ ni a fẹ́ sọ lónìí. Ohun tí ó mú wa dárúkọ rẹ̀ ni pé ẹni tí wọ́n ń wa ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ṣe sìmẹ́ǹtì ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ohun tí wọ́n ń kọ́.

Ọ̀rọ̀ wa kò gùn. Ìjọba apàṣẹwàá, ìyẹn ìjọba tí kì í fẹ́ kí ará ìlú bi òun léèrè ọ̀rọ̀, fẹ́ràn àtimáa kọ́ ilé àti ère tí yóò mú ojú ènìyàn padà sí ògo àtijọ́. Ṣùgbọ́n ògo àtijọ́ kò dà bí òjò tí ń rọ̀ sórí gbogbo ènìyàn. Ẹnìkan ló jogún rẹ̀, ẹlòmíràn ló fi ẹ̀yìn ru ú. Àwa tí à ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa èdè sì mọ̀ pé kí wọ́n tó da sìmẹ́ǹtì sílẹ̀ rárá, orúkọ ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi lélẹ̀. Nítorí náà, orúkọ ni a ó ti bẹ̀rẹ̀.

Kò sí ọmọ ilé-ìwé ní Benin tí kò gbọ́ ìtàn Dan rí. Wọ́n ní àjèjì ọba kan ń tọrọ ilẹ̀ ṣáá lọ́wọ́ baálẹ̀ kan tí ń jẹ́ Dan, títí inú fi bí Dan, tí ó sì bi í léèrè bóyá inú ikùn òun ló kù tí ó fẹ́ kọ́lé sí. Ọba náà pa á, ó sì kọ́ ààfin lé e lórí. Dan, xo, mɛ: nínú ikùn Dan. Ibẹ̀ ni wọ́n ní Dànhòmẹ̀ ti wá, tí Faransé sọ di Dahomey. Àwọn onímọ̀ ìtàn kan kò gba èyí gbọ́. Wọ́n ní àlàyé tí ènìyàn ṣe lẹ́yìn tí orúkọ ti wà ni, irú èyí tí àwọn olùkọ́ wa máa ń kìlọ̀ fún wa nípa rẹ̀ ní kíláàsì. Ó dára, kí ó jẹ́ àlọ́. Ẹ wo ohun tí àlọ́ náà ń sọ: ìjọba kan ń fi orúkọ ara rẹ̀ yangàn pé orí òkú onílẹ̀ ni òun kọ́ ààfin sí! Ní Àgbómẹ̀, ọba kọ̀ọ̀kan ló ń kọ́ ààfin tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ti ẹni tí ó ti kọjá lọ, wọ́n sì ń fi amọ̀ ṣe àwòrán sára ògiri: kìnnìún tí í ṣe àmì Glèlè, ìbọn, jagunjagun tí ó gbé orí ọ̀tá lọ́wọ́. UNESCO ti kọ àwọn ààfin náà mọ́ ogún gbogbo ayé láti 1985. Ògiri yẹn ni ìwé ìtàn ìjọba. Ẹni tí wọ́n gé lórí kò ní ògiri tí yóò ya tirẹ̀ sí.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé Fọ̀n nìkan ni à ń bá wí. Ní ayé Ọ̀yọ́ àtijọ́, kọ̀bì tí ó yọ síta lára ilé, ti ọba ni. Bí olówó ṣe lówó tó, kò gbọdọ̀ ṣe é sí ilé tirẹ̀. Ojú ilé ni ènìyàn yóò kọ́kọ́ wò kí ó tó mọ ẹni tí yóò dọ̀bálẹ̀ fún. Àwa náà la sì ń pa á lówe pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ẹni tí àdánù rẹ̀ di èrè là ń pa òwe náà fún. A kì í sábà béèrè àwọn tí ó ru amọ̀ àti koríko tí wọ́n fi tún un kọ́.

Ohun tí ó yàtọ̀ láàrin ọba àtijọ́ àti apàṣẹwàá ayé òde òní ni pé ọba àtijọ́ ń kọ́ ògo tirẹ̀, ti òde òní ń yá ti òkú lò. Benito Mussolini ní Ítálì sọ fún àwọn ènìyàn rẹ̀ pé ọmọ Késárì ni wọ́n. Ní 1932 ó ṣí títì gbọọrọ kan tí ó gba àárín ahoro Róòmù ìgbàanì kọjá dé Kólósíọ̀mù, ó sì pe orúkọ rẹ̀ ní Via dell'Impero, Títì Ìjọba-Ńlá. Kí títì náà tó lè ráyè kọjá, wọ́n wó ilé àwọn mẹ̀kúnnù tí ń gbé àdúgbò náà, wọ́n sì lé wọn lọ sí ẹ̀yìn ìlú. Èyí tí ó tún burú níbẹ̀ ni pé títì tí wọ́n ní yóò fi Róòmù àtijọ́ hàn aráyé bo apá ńlá kan lára Róòmù àtijọ́ náà mọ́lẹ̀. Ní 1937, wọ́n gbé òpó òkúta ńlá kan láti Aksum ní Etiópíà lọ sí Róòmù, nítorí pé àwọn Késárì náà ti kó irú rẹ̀ láti Íjíbítì rí. Ó di 2005 kí wọ́n tó dá a padà. Ní Jámánì, Albert Speer tí í ṣe ayàwòrán-ilé Hitler tilẹ̀ ń ronú bí ilé ìjọba wọn yóò ṣe rí bí ó bá di ahoro lẹ́yìn ẹgbẹ̀rún ọdún, kí ó lè lẹ́wà bíi ti Róòmù. Ẹgbẹ̀rún ọdún náà kò ju bí méjìlá lọ, gbogbo rẹ̀ ti di ahoro.

Èyí tí ó wọ̀ wá lára jù ni ti Saddam Hussein ní Ìráàkì. Láàrin àwọn ọdún 1980, nígbà tí ogun òun àti Ìráànì ń lọ lọ́wọ́, ó ní kí wọ́n tún ààfin Nebukadinésárì kọ́ sórí ahoro Bábílónì. Ọba àtijọ́ náà máa ń tẹ orúkọ rẹ̀ sára bíríkì, Saddam náà sì ní kí wọ́n tẹ tòun. Àwọn awalẹ̀pìtàn ń ké pé bíríkì tuntun yóò ba ti àtijọ́ jẹ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò gbọ́? Ẹ jẹ́ kí a fi ojú onímọ̀ èdè wò ó. Bíríkì ni tákàdá, apàṣẹwàá nìkan ni òǹkọ̀wé, kò sì fi àlàfo kankan sílẹ̀ fún ẹlòmíràn láti kọ ọ̀rọ̀ sí.

Nàìjíríà kò jìnnà sí wa. Ṣebí láti Pobẹ̀, ènìyàn lè lọ sí ọjà ní ìhà kejì ẹnubodè kí ó sì padà wálé jẹun alẹ́. Nígbà tí owó epo rọ̀bì pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ológun ibẹ̀, wọ́n ní kí gbogbo ènìyàn dúdú ayé wá pàdé ní Èkó láti ṣe àjọ̀dún àṣà, ìyẹn FESTAC, láti 15 Oṣù Kìíní sí 12 Oṣù Kejì ọdún 1977. Àmì àjọ̀dún náà ni ìbòjú eyín erin ti Ìyá Ọba Idia ti Bìní. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní London tí ó wà lọ́dọ̀ wọn kọ̀ láti yá wọn lò, wọ́n sì ní kí wọ́n gbẹ́ òmíràn. Wọ́n kọ́ gbọ̀ngàn ńlá sí Ìgànmú fún àjọ̀dún náà. Àwọn ará Bùlùgáríà ló kọ́ ọ, wọ́n wo àwòrán ilé kan tí ó wà ní ìlú Varna lọ́hùn-ún ṣe é. Àwọn ará Èkó kò wo Varna ní tiwọn; wọ́n ní fìlà ṣọ́jà ni. Ọjọ́ mẹ́fà péré lẹ́yìn tí FESTAC parí, ní 18 Oṣù Kejì, àwọn ṣọ́jà lọ dáná sun ilé Fẹlá Aníkúlápó Kútì, ẹni tí ó kọ̀ láti bá wọn lọ́wọ́ sí àjọ̀dún náà. Wọ́n ń gbé àṣà ga ní Ìgànmú, wọ́n ń sun ilé olórin ní Mọṣàláṣí. Ní 2024, ìjọba fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká sọ gbọ̀ngàn náà. Ìjọba Gowon tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ ni ó fi Ṣóyínká kan náà sí àtìmọ́lé láti 1967 dé 1969. Ilé ní sùúrù ju ẹni tí ó kọ́ ọ lọ.

Ó wá kan tiwa. Kérékou fi ìbọn gba ìjọba ní 26 Oṣù Kẹwàá 1972. Nígbà tí ó fẹ́ kéde ní 30 Oṣù Kọkànlá 1974 pé ọ̀nà Marx àti Lenin ni orílẹ̀-èdè yóò máa tọ̀, kò dúró sí Kútọnu. Àgbómẹ̀ ló lọ, ní gbàgede Goho, ibi tí a ń sọ ìtàn ìpàdé Béhanzin pẹ̀lú ọ̀gágun Dodds mọ́, nígbà tí ọba náà jọ̀wọ́ ara rẹ̀ fún Faransé ní 1894. Ẹ fojú inú wò ó: ètò ìjọba tí ó ní òun fẹ́ fòpin sí ìjọba àwọn ọba àti olówó, ibi ìtàn ọba ló ti fẹ́ gba agbára. Ère Béhanzin tí ó nawọ́ bí ẹni ń sọ pé “ẹ dúró ńbẹ̀” wà ní Goho títí di òní. Àwọn ará Kòríà Àríwá ló ṣe é, àwọn kan náà tí wọ́n ṣe ère gíga fún àwọn ìjọba púpọ̀ ní Áfíríkà. Ní Kútọnu, Ìràwọ̀ Pupa ni wọ́n fi sọrí ìkóríta ńlá.

Ọdún kan géérégé lẹ́yìn ìkéde Goho, ní 30 Oṣù Kọkànlá 1975, wọ́n yí orúkọ orílẹ̀-èdè padà. A ò lè sọ pé wọn kò nídìí. Dahomey jẹ́ orúkọ ìjọba kan ṣoṣo ní gúúsù. Baatonu ní àríwá kò sí nínú rẹ̀, àwa ní ìlà-oòrùn náà kò sì fẹ́ wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti yá orúkọ tuntun ni ó pa wá lẹ́rìn-ín. Wọ́n ní etí òkun tí àwọn òyìnbó ń pè ní ti Benin ni. Etí òkun náà gba orúkọ lọ́wọ́ ìlú ńlá Ẹdó, tí ó wà ní Nàìjíríà, tí ọba rẹ̀ kan kò jọba lórí Àgbómẹ̀ tàbí Onigbolo rí. Àwa Yorùbá tún ní àlọ́ tiwa nípa orúkọ náà, pé Ọ̀rànmíyàn ló bínú kúrò níbẹ̀ tí ó pè é ní Ilé Ìbínú. Ẹ má gbàgbé ìkìlọ̀ olùkọ́ lórí ìyẹn náà. Kókó ọ̀rọ̀ ni pé ìjọba náà fẹ́ orúkọ tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni nínú wa, síbẹ̀ ó fẹ́ kí ó ní ìró ògo. Ibi tí ó ti rí irú rẹ̀ ni ilé ẹlòmíràn.

Kí a má baà jẹ́ aláìmoore, ìjọba yẹn náà ló dá ilé-iṣẹ́ Onigbolo sílẹ̀, òun ló sì gbé ètò kíkọ́ àgbàlagbà níwèé ní èdè abínibí lárugẹ, èyí tí ẹ̀kọ́ wa gan-an jẹ nínú àǹfààní rẹ̀. Òun náà ló kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí ẹ̀wọ̀n Ségbana ní àríwá nítorí pé wọ́n sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá ní kí àwa yan arabarà kan fún àsìkò Kérékou, ilé-iṣẹ́ Onigbolo ni a ó yàn. Kò lẹ́wà, eruku rẹ̀ ń yọ àwọn ará abúlé lẹ́nu, ṣùgbọ́n kò pa irọ́ kankan nípa ẹni tí baba wa jẹ́.

Lẹ́yìn ìpàdé àpapọ̀ ti Oṣù Kejì ọdún 1990, a gbọ́ ohùn tí ó pọ̀ ní orílẹ̀-èdè yìí fún bí ọgbọ̀n ọdún. Ní àsìkò Patrice Talon, tí ó gorí àga ní 2016, ohùn náà bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Ní 28 Oṣù Kẹrin 2019, wọ́n dìbò yan aṣòfin láìsí ẹgbẹ́ alátakò kankan lórí ìwé ìdìbò, wọ́n sì yìnbọn ní Kútọnu lẹ́yìn rẹ̀. Ní Oṣù Kejìlá 2021, wọ́n dá ẹ̀wọ̀n ogún ọdún fún Reckya Madougou, wọ́n dá mẹ́wàá fún Joël Aïvo. Ìjọba náà kì í ṣe ti Kérékou. Ní 2023 alátakò padà sí ilé aṣòfin. Ṣùgbọ́n láàrin àwọn ọdún wọ̀nyẹn gan-an ni ìkọ́lé ògo bẹ̀rẹ̀ ní pẹrẹwu. Ní Oṣù Kọkànlá 2021, Faransé dá ohun iyebíye mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ti ààfin Àgbómẹ̀ padà, inú gbogbo ènìyàn dùn, tiwa náà dùn. Ní 30 Oṣù Keje 2022, wọ́n ṣí ère obìnrin jagunjagun kan ní Kútọnu, gíga rẹ̀ jẹ́ ọgbọ̀n mítà, ilẹ̀ Ṣáínà ni wọ́n ti ṣe é. Wọ́n gbé Bio Guéra, akọni Baatonu tí ó kú lójú ìjà pẹ̀lú Faransé ní 1916, gun ẹṣin sí itòsí pápá ọkọ̀ òfuurufú. Ní Àjàṣẹ́, wọ́n gbé iṣẹ́ ilé aṣòfin tuntun fún Diébédo Francis Kéré, ọmọ Burkina Faso tí ó gba ẹ̀bùn Pritzker ní 2022. Ó ya ilé náà bí igi ńlá tí àwọn àgbà ń jókòó sí abẹ́ rẹ̀ láti fi ọ̀rọ̀ jomi toro ọ̀rọ̀. Àwòrán náà wù wá gan-an. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń fi ìpìlẹ̀ igi àpérò náà lélẹ̀, àwọn aṣòfin tí ó wà lórí àga ni àwọn tí a dìbò yàn ní 2019. Ẹni tí yóò sọ pé “bẹ́ẹ̀ kọ́” lábẹ́ igi kò sí láàrin wọn.

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ obìnrin jagunjagun náà, nítorí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni ó kàn wá jù. “Amazone” ni gbogbo ayé ń pè é. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì ni, láti inú ìtàn àròsọ àwọn ará Gíríìsì nípa àwọn obìnrin ológun, àwọn òyìnbó tí ó wá sí Àgbómẹ̀ ló sì gbé e wá. Àwọn Fọ̀n ní agoojie, wọ́n sì tún ń pè wọ́n ní minɔ, “àwọn ìyá wa”. Ẹ kò rí i bí? Ère tí wọ́n ní yóò dá ògo wa padà fún wa, orúkọ tí àjèjì fi ìtàn àjèjì sọ ọ́ ni a fi ń pè é. A ti sọ ọ́ ṣáájú pé orúkọ ni wọ́n máa ń fi lélẹ̀ kí wọ́n tó da sìmẹ́ǹtì.

Ní ti àwọn ìyá wọ̀nyẹn, akọni ni wọ́n. Wọ́n bá Faransé jà ní 1890 àti 1892, wọ́n sì kú lọ́pọ̀lọpọ̀. Ẹni tí ó bá ní kí a má bọlá fún wọn, a ò sí lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó bá Faransé jà, ta ni wọ́n ń bá jà? Ní Oṣù Kẹta ọdún 1851, Ghezo kó wọn lọ sí Abẹ́òkúta, àwọn Ẹ̀gbá sì lé wọn padà. Ní 1862, Glèlè pa ìlú Ìṣagá run. Ní 1864 ó tún padà sí Abẹ́òkúta, kò rí i gbà. Ní 1886, ogun Àgbómẹ̀ wọ Kétu, wọ́n dáná sun ún, wọ́n sì kó àwọn tí kò kú lọ sí ìgbèkùn. Ó di ìgbà tí Faransé ṣẹ́gun Béhanzin kí àwọn tí ó kù tó padà wá tún ìlú wọn tẹ̀ dó. Àwọn tí wọ́n ti tà kọjá òkun ṣáájú kò padà. Ní Bahia ní ilẹ̀ Brazil, orúkọ Kétu ṣì wà lẹ́nu àwọn olórìṣà títí di òní, láìsí ère, láìsí owó ìjọba, èdè nìkan ló gbé e dúró.

Wọ́n máa ń sọ pé ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Àwa kò bá Fọ̀n jà. A jọ ń kàwé ni, a jọ ń jẹun, nínú wa ni ìyá ẹlòmíràn ti jẹ́ Fọ̀n. Bí a bá sì fẹ́ sọ òtítọ́, Yorùbá náà ta Yorùbá. Ọdún 1886 tí Kétu jó náà ni wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà ogun Kírìjì, tí Ìbàdàn àti Èkìtì ti fi ọ̀pọ̀ ọdún pa ara wọn. Bí ìjọba kan bá gbé ère jagunjagun Ìbàdàn kan ga ní ọgbọ̀n mítà lónìí, tí ó ní ògo gbogbo Yorùbá nìyẹn, ọmọ Èkìtì ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ohun tí àwa ń béèrè.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa kan yóò wí pé kò sí ìjọba tí kì í kọ́ arabarà, àti èyí tí a dìbò yàn àti èyí tí ó fipá gbà á. Òótọ́ ni. Ìjọba Abdoulaye Wade ní Senegal, tí ará ìlú fi ìbò gbé wọlé, ni ó gbé ère Ìsọjí Áfíríkà kalẹ̀ ní Dakar ní 2010, ní mítà 49, àwọn ará Kòríà Àríwá náà ló sì ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀. Àwọn ará Dakar jáde sí títì, wọ́n ní owó náà pọ̀ jù, àwọn imáàmù ní ère kò bá ẹ̀sìn mu, àwọn mìíràn ní aṣọ obìnrin inú rẹ̀ kéré jù. Wọ́n bú u nínú ìwé ìròyìn. Ní 2012, wọ́n fi ìbò yọ Wade. Ère náà ṣì wà níbẹ̀, àríyànjiyàn tí ó yí i ká sì wà lára rẹ̀ bí ọ̀dà. Ibi tí ẹnu bá ti pa mọ́, ère nìkan ní ń sọ̀rọ̀.

Ẹlòmíràn yóò ní kí a jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ gbádùn ara wọn, pé wọ́n ń ya fọ́tò nídìí ère náà, wọ́n sì ń fi orílẹ̀-èdè wọn yangàn. Àwa náà ti ya fọ́tò níbẹ̀. A ò ní kí wọ́n wó ohunkóhun. Ohun tí ń dùn wá ni èyí tí a kò rí. Àwọn Ọ̀họ̀rí, tí ilẹ̀ wọn yí Onigbolo ká, kọ̀ láti san owó orí àti láti fi ọmọ wọn sí iṣẹ́ ológun Faransé. Wọ́n gbé ohun ìjà ní 1914. Ìjà kan náà tí Bio Guéra jà ni wọ́n jà. A kò tíì rí wọn lórí ẹṣin tàbí lórí ẹsẹ̀ ní Kútọnu. Ní Kétu, ẹnu-ọ̀nà Akaba Ìdẹ́nà tí ó jẹ́ ti odi ìlú àtijọ́ ṣì dúró. Amọ̀ ni, kì í ṣe idẹ. A kọ́ ọ kí ogun má baà wọlé, a kò kọ́ ọ láti fi dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Bóyá ìdí nìyí tí kò fi wu aláṣẹ tó bí ó ṣe yẹ. Ẹnu-ọ̀nà tí ìlú kọ́ láti fi sá fún ọba ẹlòmíràn kò rọrùn láti fi yin ọba.

Nínú àwọn ohun tí Faransé dá padà ní 2021, ìjókòó ọba kan wà tí wọ́n ń pè ní ti Kana. Ọba wà lókè lára igi náà pẹ̀lú àwọn ayaba rẹ̀. Nísàlẹ̀, àwọn ẹrú tí wọ́n dè mọ́ra wọn tò lọ bẹẹrẹ. Oníṣọ̀nà tí ó gbẹ́ ẹ kò purọ́: ó gbẹ́ àwọn tí ó wà nísàlẹ̀ náà, ó sì fi ara balẹ̀ gbẹ́ wọn. Bí wọ́n bá gbé ìjókòó yìí síwájú ará ìlú, a fẹ́ kí àlàyé rẹ̀ wà ní Fọ̀n àti Gùn àti Baatonu àti Yorùbá, kì í ṣe Faransé nìkan, kí wọ́n sì sọ nínú èdè kọ̀ọ̀kan ẹni tí àwọn ará ìsàlẹ̀ jẹ́ àti ibi tí wọ́n ti kó wọn wá. Àwọn onímọ̀ èdè ti pọ̀ tó ní orílẹ̀-èdè yìí láti kọ irú àlàyé bẹ́ẹ̀ láàrin ọ̀sẹ̀ kan. Kò ná owó ère.

Ní ti àwa tí a wà níbí, ìsinmi ọdún kù sí dẹ̀dẹ̀. Kí àwọn tí ń lọ sí Issaba, Ikpinlè, Adja-Ouèrè, Sakété àti Kétu mú ìwé àjákọ dání. Àwọn àgbà ṣì mọ orúkọ odi tí ó ti wó, orúkọ yàrà tí omi ti bò, ibi tí wọ́n ń sá pa mọ́ sí nínú irà nígbà ogun Àgbómẹ̀, àti ohun tí Onigbolo ń jẹ́ kí kátákátá tó dé. Ẹ kọ ọ́ bí wọ́n bá ṣe pè é gan-an, ẹ fi àmì ohùn sí i, ẹ má tún un ṣe sí Yorùbá àjùmọ̀lò. Kí a rí wọn gbà lọ́wọ́ yín kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀, àyè wà fún wọn ní ojú ìwé Yorùbá yìí.